Bí Géèjì Epo Bá Ń Purọ́

 

Olùgbọ́ wa kan tí ó fi Kàdúná ṣe ibùgbé ni ó kọ̀wé béèrè ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì kan sílẹ̀ fún un, Triumph Spitfire ti ọdún 1972. Ó ní ọkọ̀ náà ṣì ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n géèjì epo rẹ̀ kò ṣe é gbà gbọ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ a máa tọ́ka sí ìdajì nígbà tí táǹkì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ó bá ń lọ sílé, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan ni ó máa ń gbé sẹ́yìn ìjókòó. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé kí òun ra géèjì tuntun?

Ẹ jẹ́ kí a ti orí kẹ́ẹ̀gì náà bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ̀yìn ìjókòó gan-an ni táǹkì Spitfire wà. Ẹni tí ó bá tún gbé kẹ́ẹ̀gì tì í ti fi kún ewu tí ó ń bá a rìn. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ni ó máa ń bá lọ títí yóò fi pàdé iná sìgá tàbí ìtapárá wáyà. A mọ ohun tí ó ń ba olùgbọ́ wa lẹ́rù: kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí epo tán mọ́ òun lọ́wọ́ ní alẹ́ láàárín Lọ́kọ́jà àti Òkénè. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù òkùnkùn kò yẹ kí ó mú wa gbé iná mọ́ra. Ohun tí ó yẹ ni pé kí géèjì náà máa sọ òtítọ́.

Ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣe Spitfire láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980. Nínú irú ọkọ̀ ti olùgbọ́ wa, ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni ó ń sọ iye epo tí ó kù: fúlótà inú táǹkì, wáyà, sìtébiláísà, àti géèjì tí ojú wa ń rí. Àwọn àgbà sì ní, agbẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Géèjì ni a rí, òun náà ni a sì máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́.

Fúlótà ni ó léfòó lórí epo, lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀ ni ọ̀pá náà ń lọ sílẹ̀, tí ó sì ń rìn lórí wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ń dín agbára iná kù. Bí táǹkì bá kún, iná púpọ̀ ni yóò kọjá. Bí ó bá gbẹ, díẹ̀ ni. Nínú géèjì, iná yìí a mú irin pẹlẹbẹ kan gbóná, irin náà a tẹ̀, a sì ti abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ náà kì í fi yára gbéra. Ṣùgbọ́n agbára bátìrì kì í dúró sójú kan. A máa lọ sókè bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Nítorí èyí ni a ṣe fi sìtébiláísà sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó fún fíríìjì nílé, kí ohun tí ó ń dé ọ̀dọ̀ géèjì má ju nǹkan bí fólítì 10 lọ.

Ó yá, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó jẹ̀bi?

Èkíní, kí a wo géèjì kejì tí ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Sìtébiláísà kan náà ni ó ń bọ́ àwọn méjèèjì. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ àsọdùn, sìtébiláísà ni kí a mú. Nígbà mìíràn, ìpáta ni kò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan irin ara ọkọ̀ dáadáa. Kí a ha ìpáta náà kúrò, kí a sì dè é le. Bí kò bá gbọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì, bí ó bá jẹ́ géèjì epo nìkan ni ó ń purọ́, kí a pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí a yọ wáyà kúrò lára fúlótà, kí a sì tún tan kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sí òfo. Bí kò bá lọ, wáyà náà ti bó níbì kan, ó sì ń kan ara ọkọ̀. Kí a tún pa kọ́kọ́rọ́, kí a so wáyà náà mọ́ irin ara ọkọ̀ níbi tí ó jìnnà sí táǹkì, kí a tan án fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa gòkè. Bí ó bá gbọ́ràn lẹ́ẹ̀mejèèjì, a jẹ́ pé géèjì kò jẹ̀bi. Owó géèjì tuntun ì bá ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni fúlótà. Bí epo bá wọ inú rẹ̀, yóò rì, òfo ni géèjì yóò sì máa wí. Bí wáyà rẹ̀ bá ti jẹ, abẹ́rẹ́ yóò máa fò. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá tẹ̀ sísàlẹ̀, epo díẹ̀ ni yóò máa pè ní púpọ̀, bí ti ọkọ̀ olùgbọ́ wa yìí. Iṣẹ́ rìwáyà tí ó mọṣẹ́ ni láti yọ ọ́, ní ìta gbangba, lẹ́yìn tí a bá ti fa epo inú táǹkì sílẹ̀, tí a sì ti tú orí bátìrì. Kí jẹnẹrétọ̀ tàbí sìgá má ṣe sí nítòsí. Kí a má ṣe fi iná jó fúlótà tí epo ti wọ̀. Ó lè bú gbàmù. Kí a ra òmíràn.

Nígbà tí a bá ń tọ́ ọ̀pá náà, ibi òfo ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀. Géèjì tí ó ṣìnà díẹ̀ nígbà tí táǹkì kún kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ó ṣìnà nígbà tí epo fẹ́ tán ni ó ń sun ènìyàn sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kí a máa bu epo sí i ní lítà 5, lítà 5, kí a sì kọ ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí nígbà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

Ìwé kékeré yìí ní iṣẹ́ mìíràn. Láti ìgbà tí a ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kọ̀ọ̀kan ti di ohun tí à ń ṣírò, a sì máa ń tètè pe ẹni tí ń ta epo ní olè. Lóòótọ́, àwọn kan ń rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí òṣùwọ̀n tirẹ̀ kò pé, kí ni yóò fi mọ̀ pé ti ẹlòmíràn kò pé? Kí a kọ́kọ́ tún tiwa ṣe, kí a tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí a má ṣe ra géèjì tuntun kí a tó gbọ́ ti ẹlẹ́rìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀ kalẹ̀. Kí Olúwa ṣọ́ àlọ yín, kí ó sì ṣọ́ àbọ̀ yín.