Orúkọ Ìdílé Lórí Ọmọ Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ̀yin òǹwòran, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ǹjẹ́ ó yẹ kí bàbá ọmọ mú orúkọ tí gbogbo ilé ń jẹ́, kí ó tún fi í ṣe orúkọ àkọ́kọ́ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ? Àwọn Òyìnbó kò ka èyí sí nǹkan bàbàrà. Nelson, Stanley àti Wesley, orúkọ ìdílé ni gbogbo wọn kí wọ́n tó di orúkọ tí a ń sọ ọmọ. Ní Amẹ́ríkà ní 1783, wọ́n sọ ọmọ kan ní Washington nítorí ọ̀gágun George Washington. Ọmọ náà ni ó dàgbà di òǹkọ̀wé Washington Irving. Ìyá mìíràn nínú wọn a sì máa fi orúkọ ilé bàbá tirẹ̀ sọ ọmọ, kí orúkọ náà má baà parun lẹ́yìn tí òun ti di aya ilé ẹlòmíràn.

Àṣà yìí ti dé Èkó tipẹ́. Thomas Babington Macaulay, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti CMS sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ọmọ Yorùbá tí a bí sí ilẹ̀ Sàró ni. Òjó ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Síbẹ̀, orúkọ òǹkọ̀wé ìtàn kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń jẹ́ láti orí dé ìdí. Babington tí ó wà láàárín orúkọ náà, orúkọ ìdílé ọkọ arábìnrin bàbá Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni. Àna tí kì í ṣe àna rẹ̀ ni ọmọ Òjó gbé rù kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn tí ó fara mọ́ àṣà náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní orúkọ ìdílé gan-an kò pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, pé ìwé ìrìbọmi àti rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mú un wá. Tíṣà bi ọmọ pé, “Kí ni bàbá rẹ ń jẹ́?” Ọmọ ní, “Oyèdélé,” Oyèdélé sì di orúkọ gbogbo ilé. Orúkọ ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sì sọ ọ́. Bí a bá wá sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Oyèdélé, kí ni a ṣe ju pé a dá orúkọ padà sí ààyè rẹ̀?

Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá a máa ròyìn. Ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Òjó; bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Ìdílé tí ń jẹ́ Òjó, tí ó sọ ọmọbìnrin wọn ní Òjó, irọ́ méjì ni ó pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Kòsọ́kọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀. Orúkọ àbíkú ni, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ òkú mọ́. Ìdílé lè jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rántí ikú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sọ àkọ́bí tí ara rẹ̀ le koko, àlejò tí ó bá gbọ́ ọ a wo ojú ìyá rẹ̀, a sì máa ka iye ọmọ tí ó ti sin.

Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ti rí ọgbọ́n ta sí i láti ìgbà láéláé. Ilé olóyè a bí Oyèwọlé, a bí Oyèbísí. Ilé ológun a bí Ògúndélé. Ìdajì orúkọ jẹ́ ti ilé, ìdajì jẹ́ ti ọmọ. Odidi ni Òyìnbó ń gbé lé ọmọ tirẹ̀ lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni ti ìyá ọmọ. Ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Àwọn tí ó bá nílé ọkọ pàápàá, títí kan ọmọdé, orúkọ àdàpè ni ó ń fún wọn. Báwo ni yóò ṣe wá dúró ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó máa kígbe, “Oyèdélé, wá gbá ilẹ̀! Oyèdélé, olè ni ọ́!” tí ìyá ọkọ rẹ̀ sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ọkọ kì í rò ó dé ibẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọ orúkọ sínú ìwé. Òun lè pe ọmọ rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ohun tí obìnrin bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé yóò fi oríkì rọ́pò, tàbí kí ó máa pe ọmọ ní “Bàbá”, kí gbogbo ilé sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí Bàbá bá kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, tíṣà yóò ṣí rẹ́jísítà, yóò pe Oyèdélé Oyèdélé, ọmọ náà yóò sì máa wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tí wọ́n ń pè.