Bí Ojú Bá Ń Rí Ẹyọ Kan Ní Méjì

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí nípa ojú. N kò ní sọ ti dígí ojú. Púpọ̀ nínú wa ló ti wọ̀ ọ́ wá síbí. Bí ẹyinjú ṣe ń yí ni tèmi, àti ohun tí dókítà ń wá nígbà tó bá ní kí ẹ máa fi ojú tẹ̀lé ìka òun.

Iṣan mẹ́fà ló so mọ́ ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fà á sókè, sísàlẹ̀, síhà imú àti síhà etí. Nerve mẹ́ta, tó dà bíi wáyà iná, ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún wọn. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ rìn ni. Bí ọ̀kan bá lọ tí èkejì dúró, mọ́tò kan á di méjì.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ti ń kó èrò láti ọdún 2024, láti Agége sí Ìkẹjà, ẹ wo ẹyinjú ẹni tó ń yọjú wo ìta. Á tẹ̀lé òpó kan, á ta padà kíá, á mú òmíràn. Ẹni náà kò tiẹ̀ mọ̀. Dókítà ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀: á máa yí ìlù kékeré tó ní ìlà dúdú àti funfun níwájú rẹ̀. Bí ojú ọmọ bá ń tẹ̀lé e tó ń ta padà, ó ń ríran nìyẹn. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti wò.

Fún àgbàlagbà, ìka ti tó. Ẹ kò ní yí orí. Dókítà á fi ìka ya lẹ́tà H níwájú yín. Á bo ojú kan, á ṣí i, á wò ó bóyá ó sún.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Àwa tí orí wa ti ń hewú, tí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá wa lálejò, bí ẹ bá ṣàdédé rí èèyàn kan ní méjì, ẹ di ojú kan. Bó bá ṣì jẹ́ méjì, inú ojú tó là yẹn ni ọ̀ràn sábà máa ń wà. Bó bá di ẹyọ kan, ojú méjèèjì ni kò jọ rìn mọ́. Àìsàn méjèèjì yẹn lè dá nerve tó ń fa ojú síhà etí dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì sábà máa ń bọ̀ sípò láàárín oṣù mélòó kan. Àmọ́ bí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀, tí ọmọlójú fẹ̀ ju èkejì lọ, tí orí sì ń fọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ti wú nínú orí. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kì í ṣe lẹ́yìn àgbo. LASUTH wà ní Ìkẹjà níbí, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ má fúnra yín wakọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní fátìrì Ọ̀gbà kò sì gbọdọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ: abẹ méjì ló ń rí, èwo ni yóò yẹra fún?

Ó ku ti àwọn ọmọ-ọmọ wa. Wọ́n á ní ojú rẹ̀ kan ń wo Agége, èkejì ń wo Ìkẹjà, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ọpọlọ ọmọ náà lè pa ojú tó yà tì. Bó bá pẹ́, dígí kò ní ràn án mọ́. Bí wọ́n bá tètè gbé e wá, kó tó pé ọdún méje, dókítà lè ní kí wọ́n máa bo ojú tó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kí èkejì lè ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí ojú rẹ̀ ṣì ń yà, ẹ gbé e lọ.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹni tó bá fẹ́ kí n yẹ ojú òun wò, kó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ.