Ẹ̀dá Inú Iyanrìn Ọ̀sà Èkó

Amọ̀kòkò ìlú Ìpetumodù kì í fi ojú nìkan yẹ amọ̀ wò. Á bù ú, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka náà ni yóò sì sọ fún un bí iyanrìn inú rẹ̀ bá pọ̀ jù. Ẹ̀dá kan ń bẹ nínú ọ̀sà Èkó tó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, àmọ́ iyanrìn ni tirẹ̀ ń wá. Ẹrẹ̀ ni kò fẹ́.

Láńsílẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Kò sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó ṣe ṣóńṣó níwájú, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ó máa ń ri ara mọ́ iyanrìn, á yọ ẹnu síta, á máa sẹ́ oúnjẹ kéékèèké látinú omi. Nígbà tí Pallas, onímọ̀ ará Jámánì, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1774, ìgbín tí kò ní ìkarahun ló pè é.

Ìgbín kọ́. Ìbátan wa ni.

Kò ní eegun, kò ní àgbọ̀n, kò sì ní ọkàn bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀pá rírọ̀ kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ hù lẹ́yìn ọmọ inú oyún, kí eegun ẹ̀yìn tó gba ipò rẹ̀. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà ní ọ̀fun rẹ̀ tó ń gba áyódíìnì. Ìbátan kòtò yìí ni ẹṣẹ́ ọrùn wa, èyí tó máa ń wú tí a ń pè ní gẹ̀gẹ̀ nígbà tí áyódíìnì bá wọ́n nínú oúnjẹ.

Nàìjíríà ní tirẹ̀. Ní ọdún 1955, J. E. Webb, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹranko ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ọ́ ní Branchiostoma nigeriense. Ayé rẹ̀ kò rọrùn. Bí òjò bá dé, odò Ògùn á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ omi á dín kù, àwọn láńsílẹ́ẹ̀tì á sì kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á tún wọlé, á gbé àwọn ọmọ wọn tuntun dání.

Níbi tí wọ́n bá balẹ̀ sí, iyanrìn ló kù tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Webb àti M. B. Hill fi hàn ní ọdún 1958 pé iyanrìn oníwóró ńlá, tí omi ráàyè gba àárín rẹ̀, ni wọ́n ń yàn. Èyí tí ẹrẹ̀ bá dí, wọn kì í fẹ́ gbé inú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ iyanrìn ọ̀sà yìí ni ẹ̀rọ ń fà jáde tọ̀sán-tòru láti fi kọ́lé, láti fi dí àbàtà. Ẹ̀bẹ̀ mi kò wọ́n lówó: kí ẹ̀rọ tó wọ ibì kan, kí ẹnì kan bu garawa iyanrìn kan níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kó sì ka ohun tó bá ń ta nínú rẹ̀.