Ẹni Da Omi Síwájú: Bí A Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ Agbẹ́gi Kan ní Ìkòròdú, àti Bí A Ṣe Dán An Wò ní Ẹ̀pẹ́



1. Ìfáàrà

Nígbà tí Ẹ̀ka yìí kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ agbẹ́gi tí èmi àti àwọn akẹgbẹ́ mi mẹ́ta fi ọwọ́ ara wa kọ́, mo kọ́kọ́ lérò pé bí a ṣe kọ́ ọ ni ẹ ó fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to àwọn ìwé àkọsílẹ̀ wa jọ, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Ojú-ewé tí ó sọ nípa kíkọ́ ẹ̀rọ náà kò pọ̀. Èyí tí ó sọ nípa ibi tí ó ti kùnà ni ó pọ̀ jù, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí a lè fi kọ́ ẹlòmíràn wà. Nítorí náà, àbá kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín lónìí: ẹ̀rọ tí a kò tíì dán wò ní gbogbo ọ̀nà tí a mọ̀ pé ó lè gbà kùnà, a kò tíì kọ́ ọ tán.

N ó kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà, n ó sọ bí a ṣe kọ́ ọ ní Ìkòròdú, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ẹ̀pẹ́, àti àtúnṣe tí a ṣe.

2. Irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́

Kò sí káfíńtà ìgbàlódé tí kò mọ ráútà: mọ́tò kékeré oníná tí a fi bíìtì sí lẹ́nu, tí ó ń yí kíkankíkan, tí a sì ń fi ọwọ́ tì lórí igi kí ó máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀rọ tiwa, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní CNC router, kò yàtọ̀ sí èyí ju pé kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó ń tì í. Kọ̀ǹpútà ni ó ń fi nọ́ńbà darí rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, sí iwájú àti ẹ̀yìn, sí òkè àti ìsàlẹ̀.

Èrò pé kí a fi àmì sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe fún un ti pẹ́. Ní 1804, ní ilẹ̀ Faransé, Joseph-Marie Jacquard fi páálí tí a dá ihò sí darí òfì ìhunṣọ. Ní Amẹ́ríkà, John T. Parsons ń wá ọ̀nà tí abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà yóò fi péye. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT fi gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́rin tí a ń fi nọ́ńbà darí jáde fún aráyé rí ní 1952. Lónìí, pátákó ìdarí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò ìdarí ọ̀fẹ́ tí a ń pè ní Grbl, tí Simen Svale Skogsrud gbé jáde ní 2009, ni a lò.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí àwọn tí ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìpele mẹ́rin ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá pín iṣẹ́ wọn sí: ọnà lílé, níbi tí wọ́n ti ń gé igi sí ìrísí gbogbogbòò, àlétúnlé, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrísí náà sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, dídán, àti fínfín, tí ó jẹ́ iṣẹ́ ojú àti ẹnu ọ̀bẹ. Nínú irú àṣà yìí ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní 1924. Nínú rẹ̀ náà ni George Bándélé, ọmọ Arẹógún, ti kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ẹ fi ìpele mẹ́rin yìí sọ́kàn, nítorí n ó padà sí i.

3. Kíkọ́ rẹ̀ ní Ìkòròdú

Ní 2022 ni a bẹ̀rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Odògùnyàn. Páìpù irin onígun mẹ́rin ni a fi ṣe férémù. Wẹ́dà wa mọṣẹ́, ṣùgbọ́n iná ìjórin máa ń fa irin: ibi tí ó bá ti tutù ni ó ti ń súnkì. Nígbà tí a jó o tán, ojú lásán kò rí wíwọ́ kankan. A wá pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó fa àwòrán onígun mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 400. Bí igun rẹ̀ bá péye, ìlà tí a fà láti igun kan sí igun kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 500 ní ìhà méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ 501, èkejì jẹ́ 499. Ọjọ́ méjì ni a fi tú bóòtù, tí a sún afárá ẹ̀rọ náà, tí a tún dè é, kí méjèèjì tó dọ́gba.

Mọ́tò tí ń sún ẹ̀rọ náà kì í yí bí ti fáànù. Ó ń gbé ìṣísẹ̀ 200 kí ó tó yípo ẹ̀ẹ̀kan. A pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 8, ó di 1,600. Ọ̀pá bóòtù tí ó ń yí sì ń gbé ẹ̀rọ lọ síwájú ní mìlímítà 5 fún ìyípo kan. Nítorí náà, àṣẹ 320 ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó rin mìlímítà kan. Ẹ ṣàkíyèsí pé mọ́tò yìí kì í dá èsì padà. Kọ̀ǹpútà ń pàṣẹ, ó sì ń gbà pé a ti ṣe é. Bí ohunkóhun bá dí i lọ́nà, kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn wá níwájú.

Ọkàn ẹ̀rọ náà ni spindle, èyí tí ó di bíìtì mú. Iná ìjọba wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè fi í yípo ju 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àpótí kan wà tí ń sọ 50 yìí di 400, ìyípo náà sì di 24,000. Ìyípo tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń mú ooru wá. Àwọn spindle kan wà tí ń fi atẹ́gùn tu ara wọn, ṣùgbọ́n ariwo wọn pọ̀, bí ìyípo wọn bá sì dínkù, atẹ́gùn wọn a dínkù pẹ̀lú. Èyí tí a ń fi omi tù ni a yàn. Pọ́ǹpù kékeré kan ń fa omi láti inú korobá, omi náà ń gba rọ́bà yí ara spindle ká, ó sì ń padà sínú korobá.

A ṣe ìṣirò. Agbára spindle wa jẹ́ kílówáàtì 2.2. Bí a bá ka ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sí ooru, wáàtì 440 ni omi gbọ́dọ̀ gbé lọ nígbà tí iṣẹ́ bá le jù. Lítà omi kan ń fẹ́ nǹkan bí joule 4,200 kí ó tó fi dígírì kan gbóná sí i. Lítà 20 inú korobá wa yóò fẹ́ 84,000. Bí a bá fi 440 pín in, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èyí túmọ̀ sí pé láàárín wákàtí kan, omi náà lè fi nǹkan bí dígírì 19 gbóná sí i, bí ooru kankan kò bá jáde lára korobá. A wo ìṣirò yìí, a ní ó dára, nítorí pé iṣẹ́ ìdánwò wa kò ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé, a pe ènìyàn. A fi pátákó arère sí i, igi tí ó rọ̀ tí kì í bá irin jà. Ẹ̀rọ gbẹ́ òdòdó kan sí i láìṣe àṣìṣe. Omi kò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, a sì gbà á.

4. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Láàárín àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó ti Ẹ̀pẹ́ wá. Bàbá rẹ̀ ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdílé wọn. Ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Bàbá yìí fẹ́ gbẹ́ òmíràn tí yóò bá ti àtijọ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé òòlù pẹ́ mọ́. Ó ní pákó ìrókò kan tí ó ti ń gbẹ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó bi wá bóyá ẹ̀rọ wa lè ràn án lọ́wọ́. A dáhùn wéré pé ó lè ràn yín lọ́wọ́, bàbá.

Ní 2023, a tú ẹ̀rọ náà, a kó o sínú ọkọ̀, a gba Ìmọ́ta kọjá. A gba ọ̀nà Agbówà, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti pèsè ibùdó fún àwọn onígẹdú tí wọ́n ń kó kúrò ní Oko Bàbá ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni a ti gba Ìtóìkín dé Ẹ̀pẹ́. A tò ó sínú ṣọ́ọ̀bù bàbá. A ya àwòrán ìlẹ̀kùn àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ náà yóò gba wákàtí mẹ́fà.

Ní wákàtí kejì, iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, a dá orí ẹ̀rọ padà sí ojú àmì ìbẹ̀rẹ̀, a sì ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ó dé. Spindle wà lórí wáyà jẹnẹrétọ̀. Pọ́ǹpù kò sí lórí rẹ̀. Ara ògiri ni a kì í bọ̀, iná ìjọba nìkan ni ó sì ń dé ibẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé omi kò sàn mọ́. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí òórùn rọ́bà tí ń jó fi dé imú wa. Béárìn inú spindle ti gbóná, ó ti wú, ó sì ti dì. Bíìtì kò yí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́tò tí ń sún ẹ̀rọ kò mọ̀. Wọ́n wọ́ bíìtì tí kò yí náà gba àárín ìlẹ̀kùn kọjá, ó fa igi ya ní ìbú ọwọ́ méjì kí ó tó kán.

Bàbá kò pariwo. Ó fi ọwọ́ tọ ojú ibi tí ó ya náà, ó ní: “Tíṣà, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kì í wo ibi tí mo ti gbẹ́ ẹ dáadáa. Ibi tí ọ̀bẹ ti yẹ̀ ni ó máa ń wò. Ta ni ó bá yín wo ibi tí ọ̀bẹ tiyín lè yẹ̀ sí?”

N kò rí èsì fọ̀. Òtítọ́ ni pé ìdánwò Ìkòròdú kò dán nǹkankan wò. A yan igi tí kò le, àkókò tí kò gùn, àti iná tí kò lọ. Ohun tí a mọ̀ pé yóò yọrí sí rere ni a fi han àwọn ènìyàn.

5. Àtúnṣe, àti ìdánwò ìkùnà

A ra ìrókò mìíràn fún bàbá, a sì ra spindle mìíràn. Lẹ́yìn èyí, a kọ gbogbo ọ̀nà tí a mọ̀ pé ẹ̀rọ náà lè gbà bàjẹ́ sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́.

A kọ́kọ́ so pọ́ǹpù àti spindle mọ́ wáyà kan náà, kí ọ̀kan má lè ṣiṣẹ́ láìsí èkejì. Èyí kò tó, nítorí pọ́ǹpù lè máa yí kí rọ́bà sì ká. A wá fi ohun èlò kékeré kan sójú ọ̀nà omi, èyí tí ń pa iná spindle bí omi kò bá sàn, tí ó sì ń pàṣẹ ìdúró fún àwọn mọ́tò yòókù. A ká rọ́bà lójijì: ẹ̀rọ dúró. A yọ pọ́ǹpù: ó dúró. A pa iná: ó dúró. A rò pé ó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a tún ká rọ́bà, ẹ̀rọ kò dúró. Omi kànga tí a lò ti hu èéwé, èéwé náà sì ti mú ohun èlò yẹn ní ipò “omi ń sàn”. Láti ọjọ́ náà, omi tí a sè tí a gba ooru rẹ̀ padà sómi, irú èyí tí a ń bù sí bátìrì, ni a ń lò, a sì ń ká rọ́bà ní gbogbo òwúrọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A tún fi rédíétọ̀ ọkọ̀ àlòkù kan àti fáànù sójú ọ̀nà omi, kí ooru má baà kó jọ sínú korobá.

Ìrókò náà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà mìíràn, òkúta funfun máa ń wà nínú rẹ̀, líle rẹ̀ sì tó láti kán bíìtì. Bíìtì wa ní ẹnu méjì. Bí ó bá yípo 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó gé igi jẹ nígbà 36,000. Bí a bá ń tì í ní mìlímítà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí ó ń gé jẹ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ogún mìlímítà. Bí a bá falẹ̀ jù, kò ní gé igi mọ́, yóò máa họ ọ́ ni, igi a sì dúdú. Bí a bá yára jù, a kán. Eruku ìrókò pẹ̀lú máa ń yọ imú àti awọ ara lẹ́nu, nítorí náà, kò sí ẹni tí ó ń dúró tì í láìbo imú.

Nígbà tí a padà sí Ẹ̀pẹ́, bàbá ni ó ká rọ́bà fúnra rẹ̀, ní àárín iṣẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa bá a lọ. Ẹ̀rọ ṣe lílé àti àlétúnlé. Dídán àti fínfín, òun àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é. Ìlẹ̀kùn náà wà lẹ́nu ilé wọn.

6. Àgbálọgbábọ̀

Alága wa, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa da omi síwájú ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n a kò bi ara wa léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí omi náà bá dá. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ń bẹ àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wa pé kí wọ́n máa béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ ẹ̀rọ: ẹ̀rọ náà, àti ìwé tí ó kọ ibi tí ó ti kùnà sí. Bí ìwé kejì bá ṣófo, kí ẹ dá akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa pe àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wá síbi ìdánwò, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ni ó ká rọ́bà.