Ọ̀PẸ WA, EPO WA, ÀTI IGBÓ TÍ Ó KÙ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn elépo ní Ìyànà Ìpájà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ni pẹ̀lú.

Ibi tí a jókòó sí yìí, níbi tí ọ̀nà Ìpájà ti yà kúrò lára ọ̀nà Abẹ́òkúta, oko ni kí ó tó di ìgboro. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ní Agége tí kò jìnnà sí wa ni àwọn bí J. K. Coker ti fi kòkó di ẹni ńlá, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Lónìí, ilé ti bo ilẹ̀ náà, epo tí a ń jẹ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ sì di ohun tí ọkọ̀ ń kó wá láti ìhà Òkìtìpupa, láti Ẹdó, àti láti ìhà ìlà-oòrùn. Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ lóko, obìnrin tí ó ń ra ìgò epo kan ní Ìyànà Ìpájà ni ó ń san gbèsè rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Títí di nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1960, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ṣe epo pupa tó Nàìjíríà ní gbogbo ayé. Lónìí, Indonéṣíà àti Màléṣíà nìkan ni ó ń ṣe ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Tiwa kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100, a sì tún ń ra epo láti òkè òkun kún un. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn ará Màléṣíà ni ó wá jí irúgbìn wa lọ. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1848 ni wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà kan ní Bogor, ní erékùṣù Java. Láti ara igi mẹ́rin wọ̀nyẹn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ wọn ti ṣẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n wá síhìn-ín ní 1973 láti ṣa èso nínú igbó ọ̀pẹ wa, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tiwa ni ó bá wọn ṣa á. Wọ́n ti gba iwájú wa kí wọ́n tó wá. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ni pé, kí ni àwa fi tiwa ṣe?

A kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Láti 1949 ni ìgbìmọ̀ ìjọba ti ń ra epo lọ́wọ́ àgbẹ̀, ní 1954 wọ́n pín ìgbìmọ̀ náà sí ẹlẹ́kùnjẹkùn, kò sì parí títí di 1986. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré púpọ̀ sí iye tí epo ń tà ní ọjà ayé. Ta ni yóò gbin ọ̀pẹ tuntun nígbà tí èyí tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ kò mú owó gidi wá? Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé ní 1967, tí ó sì gba àárín ilẹ̀ ọlọ́pẹ kọjá.

Nísinsìnyí tí epo ti wọ́n, àwọn kan ti ń wí pé kí a gé igbó kí a sì gbin ọ̀pẹ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rọra. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní Indonéṣíà, wọ́n fi iná pa igbó láti fi ṣe oko, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ àbàtà tí iná máa ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní 1997 àti ní 2015, èéfín iná wọn bo àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wọn ká. Níhìn-ín pàápàá, igbó Okomu ní Ẹdó, tí ìjọba pa láàlà ní 1912, apá kan rẹ̀ ti di oko ọ̀pẹ àti rọ́bà. Nínú ìyókù ni a ti ya ibi kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko. Àwọn oníbàárà òkèèrè náà ti ń wo ẹsẹ̀ wa. Ní 2023, Yúróòpù ṣe òfin pé epo ọ̀pẹ tàbí kòkó tí ó bá ti orí ilẹ̀ tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn òpin ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ní kòkó àti ọ̀pẹ pọ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé orí ilẹ̀ tí ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀ ni kí epo ti pọ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe, a ó sì sọ bí ó ti ṣeé ṣe.

Oríṣi ọ̀pẹ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ kà. Dúrà ni èyí tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, tí ẹran ara ẹyìn rẹ̀ kò tó nǹkan. Òun ni ó kún inú igbó wa. Pìsìférà kò ní èèpo, ṣùgbọ́n àgàn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá fi akọ òdòdó pìsìférà sí ti dúrà, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ tẹ́nẹ́rà, èyí tí a ń pè ní ọ̀pẹ àgíríìkì: èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, epo sì kún ara rẹ̀. Ní 1941 ni Beirnaert àti Vanderweyen tẹ ìwádìí yìí jáde láti Kóńgò. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣa èso lábẹ́ ọ̀pẹ àgíríìkì aládùúgbò rẹ̀ tí ó sì gbìn ín, nínú igi mẹ́rin, méjì péré ni yóò jẹ́ àgíríìkì bí ìyá wọn. Ọ̀kan yóò padà di dúrà, ọ̀kan yóò sì di pìsìférà tí kì í so. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò fi ro oko kí ó tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta irúgbìn ọ̀pẹ lẹ́bàá ọ̀nà mọ èyí, wọn kò sì ní sọ fún yín. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1939 lẹ́bàá ìlú Benin, ni kí ẹ ti rà á, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ fi mítà 9 sí àárín igi kan sí èkejì, kí ẹ sì máa gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí àárín wọn kí imọ̀ wọn tó bo ilẹ̀. Àwọn arúgbó ọ̀pẹ tí ó ti ga ju ohun tí akọpẹ lè fi igbà gùn láìfi ẹ̀mí wéwu ni kí a kọ́kọ́ gé. Ṣùgbọ́n kí a má gé gbogbo ọ̀pẹ igbó tán: ohun tí àwọn ará Màléṣíà wá wá ní 1973, ara wọn ni ó wà.

Iṣẹ́ kò parí sí oko. Ẹyìn tí ó bá ti fara pa ń yára kan, epo inú rẹ̀ a sì máa di kíkan. Àwọn ìyá wa a máa kó ìdì ẹyìn jọ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, kí ó lè rọrùn láti gbọn. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni epo ń bàjẹ́. Kí a sè é láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹnìkan yóò wí pé, èrè wo ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí iye kan náà ni ọjà ń san? Ìbéèrè rere ni. Ní 1950, ìgbìmọ̀ tí ń ra epo dá ipò pàtàkì kan sílẹ̀ fún epo tí kò kan, wọ́n sì fi owó kún iye rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, irú epo bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí ó fi ju ìdajì epo tí wọ́n ń rà lọ. Àwọn àgbẹ̀ kan náà ni, àwọn obìnrin kan náà ni. Owó ni ó yàtọ̀. Bí ìgbìmọ̀ náà ti rẹ́ àgbẹ̀ jẹ tó, ẹ̀kọ́ yìí kan kò yẹ kí ó bá a lọ.

Nípa omi ìdọ̀tí tí a ń dà sódò lẹ́yìn tí a bá ṣe epo tán, ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ẹja kì í gbé inú irú odò bẹ́ẹ̀. Kí a gbẹ́ kòtò fún un jìnnà sí odò. Ìdì tí a ti gbọn ẹyìn rẹ̀ tán, ẹ dá a padà sí ìdí ọ̀pẹ. Bí ó bá kù, eérú rẹ̀ dára fún ọṣẹ dúdú.

Ẹ̀yin elépo, ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí. Àwọn kan ń da aró pupa tí a ń pè ní Sudan IV sínú epo kí ó lè pọ́n. Aró tí a fi ń pa ike àti aṣọ láró ni, kì í ṣe oúnjẹ, àwọn oníṣègùn sì ń bẹ̀rù pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ní Gánà, nígbà tí ìjọba yẹ epo wò ní ọjà 10 ní Accra ní 2015, díẹ̀ péré ni kò ní in nínú. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ń da aró yìí sínú epo ń ba ọjà jẹ́ mọ́ obìnrin olóòótọ́ tí ó jókòó tì í lọ́wọ́, nítorí pé ní ọjọ́ tí ìròyìn bá tàn, kò sí oníbàárà tí yóò dúró béèrè pé kẹ́ẹ̀gì ta ni èyí. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi iná tẹ ìdí rẹ̀ wọ inú, kí lítà 25 má baà pé níbẹ̀, ọmọ ìyá aró náà ni.

A bẹ̀ yín, kí àwọn elépo ọjà yìí dárúkọ ènìyàn mẹ́ta fún wa kí wọ́n tó tú ká. Àwọn ni yóò bá àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wa láti Òkìtìpupa tí wọ́n wà níhìn-ín jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò sí iye tí wọn yóò máa fi kún epo tí a bá sè láàárín ọjọ́ méjì, nínú kẹ́ẹ̀gì tí ó pé. Àwọn àgbẹ̀ tí ó ń fẹ́ irúgbìn láti NIFOR, kí wọ́n kọ orúkọ wọn àti iye igi tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò, kí a lè fi ọkọ̀ kan ṣoṣo kó o kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.