Ìdíje Tí A Ti Mọ Ìdáhùn Rẹ̀ Ṣáájú
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn òbí àti ọ̀dọ́ ní Ìrèé)

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe ìdíje ìbéèrè láàárín àwọn iléẹ̀kọ́ àyíká wa, wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kí n tó gba ẹnikẹ́ni níyànjú, ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti rí èyí tó dára.

Gbogbo wa la rántí Who Wants to Be a Millionaire tí Frank Edoho bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe atọ́kùn rẹ̀ ní 2004. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń jókòó níbẹ̀. Ti Gánà yàtọ̀, ẹgbẹ́ ló ń ṣe é. Láti 1993 ni wọ́n ti dá ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò sílẹ̀ fún àwọn iléẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn. NSMQ ni wọ́n ń pè é. Iléẹ̀kọ́ mẹ́ta ló ń kojú ara wọn lẹ́ẹ̀kan, ọmọ méjì méjì ló sì ń ṣojú iléẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá di ti ìyára, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ agogo ló ń dáhùn. Bó bá ṣì í, wọ́n á yọ máàkì nínú èyí tó ti kó jọ. Nígbà tó bá kan àlọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ní àmì àkọ́kọ́ gba máàkì 5, ẹni tó dúró de àmì kejì gba 4. Prempeh College ti Kumasi ló kọ́kọ́ gbégbá orókè ní 1994. PRESEC ti Legon gbà á lẹ́ẹ̀kẹjọ ní 2023. Àwọn ènìyàn a máa hó lé e lórí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n pé gbogbo ayé ń wò kò ní kí ètò má ní màgòmágó nínú. Ní Amẹ́ríkà, ní 1956, ètò Twenty-One gbòde. Wọn kò mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe é ló ń fún olùdíje ní ìdáhùn ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí Herbert Stempel mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìbéèrè kan tó mọ̀ dáadáa, kí Charles Van Doren, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia, lè borí. Van Doren gba dọ́là 129,000. Ní November 2, 1959, ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Ní 1960 ni wọ́n ṣòfin tó ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Òtítọ́ ti bá èmi náà. Ní 1996 mo wà ní SS2. Iléẹ̀kọ́ wa mú ọmọ mẹ́ta láti lọ díje lórí tẹlifíṣàn. Èmi ni ẹni kẹrin, arọ́pò. Ẹgbẹ́ tó bá borí, wọn yóò bá wọn san owó ìdánwò àṣekágbá. Nígbà tó ku alẹ́ kan, olùkọ́ kan kó wa jọ, ó fún wa ní pépà tí ìbéèrè àti ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, òun ló mọ̀wé jù wá lọ. Ó dá pépà náà padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ fi dáhùn." Olùkọ́ ní kó jókòó sílé. Èmi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

A gba ipò kìn-ín-ní. Mo rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Wọ́n san owó ìdánwò mi. Ìyá ọmọ yẹn, tó ń ta gàrí, kò rí owó san. Ọdún méjì gbáko ló fi jókòó sílé kó tó ṣe ìdánwò. Èmi ti wọ poli nígbà náà.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún mo wá a lọ, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Pásítọ̀, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ẹ sáà má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn."

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. A máa ń rò pé irọ́ lásán ni màgòmágó ìdánwò. Olè ni. Bí a bá ra ìbéèrè fún ọmọ wa, ọmọ kan ń bẹ tí a lé dìde lórí àga rẹ̀, ọmọ tálákà ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá mi wá sí ọ́fíìsì pé kí n bá yín wá ibi tí ọmọ yín yóò ti rí ìdáhùn kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá mọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nípa ìdíje wa. Kí a fi ìdánwò gbangba yan àwọn ọmọ, kí a sì lẹ máàkì wọn mọ́ ara ògiri. Kí a lẹ àpò ìbéèrè pa, kí a já a lójú gbogbo ènìyàn. Kí a sì ṣí gbọ̀ngàn ìjọ sílẹ̀ lálaalẹ́, kí a tan jẹnẹrétọ̀, kí ọmọ tí kò ní iná nílé lè rí ibi kàwé. Owó tí a bá fẹ́ fi ra ìbéèrè, ẹ jẹ́ ká fi ra epo.

Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi owó ọwọ́ wa ra èké fún àwọn ọmọ wa. Àmín.