Ọ̀nà Etíkun Tó Ti Wà Kí Bọ́dà Tó Dé

Ẹnì kan lè máa rò ó lọ́kàn pé kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ kan ọ̀rọ̀ òkun. Ó kàn wá gan-an. Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí òkun. Ọ̀nà náà ṣì wà, ẹ̀tọ́ wa láti tọ̀ ọ́ ṣì wà pẹ̀lú, àmọ́ a ti jẹ́ kí àwọn tó dúró lójú ọ̀nà máa tà á fún wa.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni ọ̀nà náà gbà kọjá, láti Ìjànà àti Ìlaró lọ já sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni èbúté tí Ọ̀yọ́ gbójú lé jù. Dàhòmì pàápàá ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di ayé ọba Gezo.

Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bò: èèyàn ni ọjà tó lówó lórí jù lọ́nà yẹn. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn, lágbègbè Ìsẹ́yìn, ní 1821. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n tà á títí tó fi dé Èkó. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á lójú òkun ní 1822. Òun bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára Ọ̀yọ́ létíkun yangàn, kó rántí àwọn tí kò bọ́. Ní Disẹ́ńbà 1825, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò méjì, Clapperton àti Lander, gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí ẹrú ń bá lọ ni òyìnbó bá wọlé.

Nígbà tó di ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjókòó tí wọn kò pe Alákétu sí ni wọ́n ti pín ilẹ̀ Alákétu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òyìnbó ṣe ní iwájú, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Jámánì gba Tógò ní 1884, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1914, wọ́n sì pín in. Lónìí, ẹ̀bá bọ́dà gan-an ni Lomé, olú ìlú Tógò, wà. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti àárín ìlú bọ́ sí Aflao ní Gánà.

Ẹ wá wo ìhà Sẹ̀mẹ̀, ní bọ́dà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó jókòó ti náírà àti sẹ́fà, ọlọ́kadà ń pe èrò, obìnrin kan ń bá oníbodè sọ Yorùbá, ó yíjú, ó ń bá ẹni tó ru ẹrù rẹ̀ sọ Gùn. Ẹ bá títì lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ ó rí mọ́ṣáláṣí ńlá kan tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia, nítorí àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú Brazil dé wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Lẹ́bàá títì kan náà ni wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò ńlá, kpayo ni wọ́n ń pè é, Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e wọlé. Nígbà tí ìjọba wa yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni kpayo ti gbówó lórí ní Kútọnu. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Àbújá ti bọ́dà pa láti Oṣù Kẹjọ 2019 di Oṣù Kejìlá 2020, tòmátì àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì jẹrà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò wa kò kàn wá kò tíì dé ibẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìrora bọ́dà ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Àwọn òbí wa ló kún ọjà Tamale àti àwọn ìlú mìíràn ní Gánà. Ní Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi owó tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà jáde. A mọ bó ṣe ń dunni, síbẹ̀ a fi ṣe ẹlòmíràn. Ó yẹ kó máa dùn wá di òní.

Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Òfin ni, kì í ṣe àánú. Síbẹ̀, ẹni tó níwèé ń sanwó lójú ọ̀nà, ẹni tí kò níwèé náà ń sanwó. Àwọn ìjọba márùn-ún ti ń múra láti la títì ńlá láti Abidjan dé Èkó, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Mi ò rí ohun tí títì gbòòrò yóò ṣe fún aláròóbọ̀ tí wọ́n bá ṣì ń na okùn dí i lọ́nà lẹ́yìn ìrìn díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ Faransé, ẹ gba páṣípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí gbogbo owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san. Ẹ̀yin tí òbí yín ti Gánà dé ní 1969, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù: ọ̀nà tí wọ́n gbà, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹni tó fún wọn ní omi mu. Ẹ mú un wá fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìtàn, ká kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó rìn ín ṣì wà láàyè.